Ìbọn Tí Ojú Rẹ̀ Wọ́

Láti àárọ̀ ni ìbọn náà ti wà lórí tábìlì. Gbogbo ènìyàn ní àgọ́ ọlọ́pàá Ṣàgámù ti wò ó tán, Ìsípẹ́kítọ̀ Modúpẹ́ Akínyọdé nìkan ló ṣì ń wò ó. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó di ojú kan, ó fi èkejì wo orí ọ̀pá rẹ̀ láti ìdí títí dé ẹnu. Ó gbé e kalẹ̀. Ó tún gbé e.

"Tawfiq, wá wo nǹkan."

Kọ́púrà Tawfiq fi búrẹ́dì tó ń jẹ sílẹ̀. "Màdá, ìbọn yìí ti jẹ́wọ́ o. Àwọn ará Abẹ́òkúta ti ní òun ló pa Alhaji Fàsásì. Kí lẹ tún ń bi í?"

"Di ojú òsì rẹ. Wo irin kékeré tó wà ní ẹnu ìbọn yẹn, èyí tí ọdẹ fi ń wo ọ̀kánkán ẹran. Ṣé ó dúró ṣánṣán?"

Tawfiq wò ó, ó yí orí díẹ̀. "Ó dà bí ẹni tó gẹ fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́."

"Ó wọ́ sápá ọ̀tún. Bí o bá fi wo ẹtu níwájú, ẹ̀gbẹ́ ẹtu ni ọta máa gbà lọ. Bẹ́ẹ̀ gbogbo ará ìlú Likosi ló ń sọ pé Ògúnṣínà tó ni ìbọn yìí kì í tàsé."

"Bóyá ó jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Bí ó bá jábọ́, irin kékeré yẹn ló máa tẹ̀. Kò tẹ̀. Gbogbo ọ̀pá ló yí."

Lójú ẹni tó ń kánjú, ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀. Oníṣòwò obì ni Alhaji Fàsásì, ará Ṣàgámù. Inú oko obì rẹ̀ ní Likosi ni wọ́n ti bá òkú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọta kan ṣoṣo láyà. Kò pẹ́ sígbà náà tí òun àti Ògúnṣínà ọdẹ ti ta ko ara wọn lójú ọjà. Fàsásì ní ọdẹ náà ń tẹ obì kéékèèké tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn mọ́lẹ̀ bó bá ń dẹ̀gbẹ́ kọjá, Ògúnṣínà sì pariwo létí gbogbo ènìyàn pé ọjọ́ kan ni òun máa fi ojú Alhaji rí nǹkan. Ráífù ni ìbọn náà, inú ọ̀pá ráífù sì ní ìlà tó ń fà sára ọta bó ṣe ń jáde, bí ọ̀bẹ eléyín ṣe ń fà sára iṣu. Àwọn onímọ̀ ní Abẹ́òkúta yin ọta láti inú ìbọn Ògúnṣínà, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí dókítà yọ lára òkú, ìlà méjèèjì bára mu. Ògúnṣínà ti wà ní àtìmọ́lé, lọ́la ni wọ́n máa gbé e lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn. Ẹni tó bá wọ ẹ̀wọ̀n lórí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, irun orí rẹ̀ lè funfun síbẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán.

Ìyábọ̀, ìyàwó Ògúnṣínà, wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú káńtà. Kò sunkún. Ó gbé abọ́ oúnjẹ lé itan, ó sì ń wo ẹnikẹ́ni tó bá jáde bí ẹni pé ẹni náà ló mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

Modúpẹ́ gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá lọ sí àtìmọ́lé.

"Ẹ̀gbọ́n Ògúnṣínà, ìgbà wo lẹ yin ìbọn yín kẹ́yìn?"

Ọkùnrin náà dìde nílẹ̀. "Kí ọdún Ògún tó wọlé. Mo fi pa ọ̀yà."

"Ṣé ojú rẹ̀ ti wọ́ nígbà náà?"

"Ojú kí ló wọ́?" Inú bí i. "Màdáàmù, ẹ lè pè mí ní apànìyàn, ó ti ń mọ́ mi lára. Ẹ má ní ojú ìbọn mi wọ́."

"Irú ìbọn yìí, mélòó ló wà ní Likosi?"

"Méjì péré. Bàbá mi àti bàbá Kọ́lápọ̀, ọdẹ ẹlẹgbẹ́ mi, ló jọ rà á lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Ìbejì ni wọ́n. Nọ́ńbà wọn tẹ̀lé ara wọn."

"Níbo ni nọ́ńbà náà wà? Ṣé ó wà lára ọ̀pá?"

"Rárá o. Ara ilé ọta ni." Ilé ọta ni wọ́n ń pe àpótí irin tó wà nídìí ọ̀pá, níbi tí ọta ń gbé tí irin fi ń gbá a nídìí. "Nọ́ńbà kankan kò sí lára ọ̀pá."

Modúpẹ́ mi orí díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ti yẹ ìbọn Kọ́lápọ̀ náà wò l'Ábẹ́òkúta, ìlà ọta rẹ̀ kò bára mu. "Nígbà tí ọlọ́pàá ní kí ẹ kó ìbọn wá fún àyẹ̀wò, níbo ni tiyín wà?"

"Ọdún Ògún ti dé. A kì í yìnbọn nínú ọdún, Ilé Ọdẹ ni a ń kó gbogbo ìbọn sí, a ó tì í pa. Baba Olúọdẹ ló bẹ̀ yín pé kí ọdún kọjá ná. Ẹ gbà."

"Ta ló ń ṣọ́ Ilé Ọdẹ?"

"Kọ́lápọ̀. Wọ́n fẹ́ fi í jẹ Aṣípa, òun ló kàn lẹ́yìn Baba." Ògúnṣínà rí i bí ojú Modúpẹ́ ṣe rí. "Ẹ má tiẹ̀ wo ibẹ̀ yẹn. Ọ̀rẹ́ mi ni láti kékeré. Yúnúsà jórinjórin ni kí ẹ lọ bá. Òun ló wá jó irin ilẹ̀kùn Ilé Ọdẹ nínú ọdún, iná gáàsì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn wa. Kọ́lápọ̀ sì máa ń yá a ní ìbọn rẹ̀ láti lé ọ̀bọ lóko. Alhaji kọ̀ láti fún un ní ọmọ fẹ́, ṣé ẹ gbọ́ ìyẹn?"

Modúpẹ́ kò tíì gbọ́ ìyẹn.

Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní òun fẹ́ yọ ọ̀pá ìbọn náà kúrò nínú ilé ọta rẹ̀.

"Modúpẹ́," ni ọ̀gá wí, "bí ẹ̀rí yẹn bá bàjẹ́, ìwọ ni wọ́n máa gbé lọ sílé ẹjọ́ lọ́la dípò Ògúnṣínà."

"Ẹ ṣé gan-an, sà."

"Mi ò tíì ní kí o ṣe é o! Modúpẹ́? Mod..."

Fóònù ti wà nínú àpò rẹ̀.

Ẹ̀yìn àgọ́, níbi tí mẹkáníìkì wọn ti ń tún mọ́tò ṣe, ni wọ́n lọ. Fáìsì kan, irin tí wọ́n fi ń di nǹkan mú ṣinṣin, wà níbẹ̀ tí wọ́n kàn mọ́ pákó. Tawfiq fẹ́ gbá ọ̀pá ìbọn náà ní òòlù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí àwọn wò ó. Modúpẹ́ gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀pá ráífù míì wà tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n yí i wọlé bí ọmọrí ìgò," ó ní. "Ti èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tì í bọnú ilé ọta bí èèkàn, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù líle lẹ̀ ẹ́. Bí o bá fi òòlù bá a jà, wàá fọ́ ilé ọta, gọ́ọ̀mù kò ní mira. Gọ́ọ̀mù kò mọ agbára. Ooru ló mọ̀."

Ó kọ́kọ́ tú igi ìdí ìbọn kúrò. Lára irin tí igi náà ti bò mọ́lẹ̀, àwọ̀ kan wà tó ń dán bí ọrùn àdàbà: aró, àlùkò, àti ìyeyè díẹ̀ létí.

"Irin tí iná kò kàn rí kì í ní àwọ̀ yìí," ó ní. Ó mú fóònù, ó ya fọ́tò rẹ̀. "Ẹnìkan ti síwájú wa débí."

Ó yọ gbogbo irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ilé ọta, kí ooru má ba sípíríǹgì jẹ́. Ó wé awọ bàtà àtijọ́ mọ́ ọ̀pá kí fáìsì má bà á lára, ó dè é, ó sì wé aṣọ tútù mọ́ ibi tí kò fẹ́ kí iná dé. Lẹ́yìn náà ó tan iná gáàsì kékeré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi yí ilé ọta ká, kò dúró lójú kan.

"Kí ló dé tí ẹ ò fi sun ọ̀pá gan-an?" Tawfiq bi í.

"Èyí tó wà lóde ni a fẹ́ kó fẹ̀. Bí irin òde bá gbóná ṣáájú tinú, á fẹ̀ díẹ̀, gọ́ọ̀mù á rọ̀, wọn á jọ̀wọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n múra sílẹ̀, agídí ló máa ṣe. Ó lè gbà wá ní ìdajì ọ̀sán."

Ó ti ń sun ún fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí Tawfiq gbé imú sókè.

"Ta ló ń din àkàrà?"

Modúpẹ́ gbọ́ òórùn náà. Ó wo ẹ̀yìn ògiri, kò sí ẹni tó ń dáná. Ó tẹ orí ba lé ìbọn náà. Ibẹ̀ ni òórùn ti ń bọ̀. Ó pa iná, ó fi aṣọ gbá ilé ọta mú, ó yí i lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀pá náà fà yọ bí eyín ọmọdé tó ti ń mì tẹ́lẹ̀. Agbára tí ó ti kó jọ dà nù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lu Tawfiq, Tawfiq sì na ọwọ́ gba irin gbígbóná náà kó tó ronú.

"Yéè! Ọwọ́ mi!"

"Má jù ú sílẹ̀!"

"Màdá, ó ń jó mi!"

"Má jù ú sílẹ̀, ẹ̀rí ni!"

Nígbà tí Tawfiq ti ki ọwọ́ bọ garawa omi tán tó ń ráhùn, Modúpẹ́ wo ìdí ọ̀pá náà. Gọ́ọ̀mù àtijọ́ wà níbẹ̀, ó le, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹnìkan ti fi ọ̀bẹ ha á. Gọ́ọ̀mù tuntun wà lórí ìyẹn, ó funfun bí omi ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n kò di irin mú, ìdí nìyẹn tí ọ̀pá fi yí. Ó ń ká sókè bí èèpo ara ejò. Lábẹ́ rẹ̀, ohun kan ń dán. Ó fi áńkáṣífù funfun nù ún. Áńkáṣífù pọ́n. Ó gbóòórùn rẹ̀.

"Epo pupa," ó ní.

Tawfiq gbàgbé ọwọ́ rẹ̀. "Wọ́n fi epo sínú ìbọn?"

"Ẹni tó yin Fàsásì níbọn yọ ọ̀pá tirẹ̀, ó fi sínú ìbọn Ògúnṣínà, ó sì mú ti Ògúnṣínà. Ọ̀pá yìí ló jẹ̀bi lóòótọ́, àwọn ará Abẹ́òkúta kò ṣì í. Ilé tó ń gbé ni kì í ṣe tirẹ̀. Ìwọ wò ó, ta ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọ̀pá tó pààyàn wọnú ìbọn ara rẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ kí n lọ tú Ògúnṣínà sílẹ̀ nígbà náà."

"Adájọ́ á ní ọ̀dọ̀ wa ni epo ti wọ ibẹ̀. Ẹni tó fi í síbẹ̀ ni a ń wá."

Etí títì tó wá láti Ìkòròdú ni ṣọ́ọ̀bù Yúnúsà wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni. Bó ṣe rí mọ́tò ọlọ́pàá, ó bọ́ awò dúdú ojú rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé ẹ ó wá sọ́dọ̀ mi níkẹyìn."

"Kí ló mú kí o mọ̀?" Modúpẹ́ bi í.

"Raqeebah, ọmọ Alhaji. Bàbá rẹ̀ ní òun ò lè fa ọmọ òun fún ẹni tó ń fi èéfín wẹ̀."

"Ó bí ọ nínú."

"Ẹni tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún tí kò bí nínú, òkú ni, mà." Ó yára wo Tawfiq. "Mi ò sọ pé mo pa á o."

"Kọ́lápọ̀ ń yá ọ níbọn?"

"Nígbà kan. Láti lé ọ̀bọ. Ó ti pẹ́."

"Nínú ọdún, ibo ni gáàsì rẹ sùn?"

"Ilé Ọdẹ ni. Iṣẹ́ ilẹ̀kùn kò tán, ilẹ̀ sì ṣú. Ẹ̀gbọ́n Kọ́lápọ̀ ní kí n fi gáàsì àti àpótí iṣẹ́ mi síbẹ̀, pé òun ò lọ ibì kankan."

"O ti yọ ọ̀pá ráífù rí?"

"Ẹ̀ẹ̀kan. Ti ẹ̀gbọ́n Kọ́lápọ̀, nígbà tí ọta há sí i nínú. Iná ni mo fi yọ ọ́, gọ́ọ̀mù ni mo fi dá a padà. Òun gan-an ló bá mi dì í mú."

Tawfiq ti yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. "Màdá, kí ló kù? Òun ló niná, òun ló ni gọ́ọ̀mù, òun náà ló níjà."

Modúpẹ́ wo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà. Ó mú páìpù irin méjì, ọ̀kan ń wọ inú èkejì, ọ̀rá mọ́tò ti yí méjèèjì dúdú. Ó nà án sí Yúnúsà.

"Bá mi fi gọ́ọ̀mù lẹ èyí mọ́ inú èyí."

"Báyìí?"

"Báyìí."

Ọmọkùnrin náà kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan gọ́ọ̀mù. Ó mú àkísà, ó rẹ ẹ́ sínú bẹntiróòlù, ó fọ páìpù. Ó fi pépà oníyanrìn ha á, ó tún un fọ̀, ó gbé e sókè sí oòrùn, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún un fọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ó gbàgbé pé ọlọ́pàá ń wo òun. Tawfiq na ọwọ́ láti bá a di ẹnu páìpù náà mú.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!" ni Yúnúsà jágbe mọ́ ọn. "Ọ̀rá ìka yín nìkan tó láti bà á jẹ́! Ṣé ẹ ò rí ohun tí mò ń ṣe ni?"

Ìgbà náà ló rántí ẹni tó ń bú, ó rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ó sì tiiri.

"Ó tó," ni Modúpẹ́ wí. Ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Má kúrò ní Likosi."

Nínú mọ́tò, Tawfiq ń yínmú. "Ẹ fi í sílẹ̀."

"Ẹni tó bú ọlọ́pàá torí ọ̀rá ìka, ṣé òun ló máa da epo pupa síbi tí gọ́ọ̀mù fẹ́ gbà?"

"Ó lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó lè fi ṣì wá lọ́nà."

"Ta ló máa rò ó pé ọlọ́pàá kan máa dáná sun ìbọn títí a ó fi gbọ́ òórùn epo?"

Tawfiq rò ó. "Òmùgọ̀ ló ṣe é nígbà náà."

"Kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́. Bí ó bá mọ ìyẹn, ó mọ̀ pé epo àti gọ́ọ̀mù kì í ṣọ̀rẹ́. Síbẹ̀ ó fi í sí i. Kí ló lè mú ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́?"

"Ìfẹ́ obìnrin."

"Tawfiq."

"Ẹ̀rù, Màdá."

"Ẹ̀rù. A máa béèrè irú ẹ̀rù tó jẹ́."

Iwájú Ilé Ọdẹ, lábẹ́ igi ọ̀dán, ni wọ́n bá Baba Olúọdẹ, Baba Ọmọ́bọ̀wálé. Àgbàlagbà ni, ojú rẹ̀ kan ti ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú. Modúpẹ́ kúnlẹ̀ kí i. Kò sọ ohun tó rí. Ó kàn bi í pé bí iná bá kan ìbọn ọdẹ, bóyá nítorí àtúnṣe, kí ni wọ́n ń ṣe sí i.

"A ó tù ú," ni Baba wí. "Irin ọdẹ tí iná bá bù jẹ, epo ni a fi ń pa á lára, níbi tí iná ti kàn án gan-an, kó tó padà sáyè rẹ̀. Irin tí a kò bá tù, olówó rẹ̀ ló máa kọjú sí."

"Bí ó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù ni wọ́n fẹ́ fi lẹ̀ ẹ́ ńkọ́, Baba?"

"Gọ́ọ̀mù á dúró kí epo kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀."

"Gọ́ọ̀mù kò ní mú dáadáa."

"Ọmọ mi, ìbọn tó jábọ́ dáa ju ìbọn tó yìn ọ́ lọ." Ó gbé ojú tó ríran lé e. "Èwo nínú àwọn ọmọ mi ni?"

"Baba, mi ò tíì mọ̀."

"O ti mọ̀. Lọ ṣe iṣẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n n ó jókòó tì ọ́."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Kọ́lápọ̀. Ó dé pẹ̀lú ẹ̀rín, ọkùnrin gíga tó máa ń wọṣọ mímọ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ọ̀rẹ́ mi ńkọ́? Ṣé ó jẹun lónìí?"

"Ó jẹun," ni Modúpẹ́ wí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí. Mo fẹ́ mọ bí ìbọn rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, mo sì tú u. N ò mọ bí mo ṣe máa dá a padà. Bí ọ̀gá mi bá rí i báyìí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn."

Orí ẹní nínú Ilé Ọdẹ ni ó tẹ́ gbogbo rẹ̀ sí: ọ̀pá, ilé ọta, gọ́ọ̀mù onírọ́bà méjì tí wọ́n ń pò pọ̀, bẹntiróòlù nínú ike, àti àkísà. Kò fi epo síbẹ̀. Igbá epo wà ní kọ̀rọ̀ níwájú ojúbọ, níbi tó máa ń wà nígbà gbogbo, Baba sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rín Kọ́lápọ̀ dúró díẹ̀ nígbà tó rí ọ̀pá náà. Ó wo Modúpẹ́. Modúpẹ́ ń fi ìka nu òógùn ojú, ó ń wo agogo bí ẹni tí ẹ̀rù ọ̀gá ń bà ní tòótọ́. Kọ́lápọ̀ jókòó.

"Ẹ̀yin ọlọ́pàá! Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni ẹ máa ń tú."

Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà. Ó ha gọ́ọ̀mù tó ṣẹ́ kù, ó fọ ọ̀pá ní bẹntiróòlù, ó po gọ́ọ̀mù tuntun lórí àfọ́kù àwo. Ó gbé ọ̀pá sọ́wọ́ òsì. Ó yẹ kó fi gọ́ọ̀mù kàn án báyìí. Kò ṣe é. Ojú rẹ̀ lọ sí kọ̀rọ̀, ó padà, ó tún lọ. Gọ́ọ̀mù náà ti ń fà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n," Modúpẹ́ rọra sọ, "ó ń gbẹ."

Kọ́lápọ̀ dìde, ó lọ sí kọ̀rọ̀, ó ti ìka bọ epo. Ó fi yí ìdí ọ̀pá ká, ètè rẹ̀ ń mì láìsọ̀rọ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ló wá fi gọ́ọ̀mù lé e.

Tawfiq fi ọwọ́ rẹ̀ tó wú bo ẹnu ìyanu.

"Kí ni epo yẹn wà fún?" Modúpẹ́ bi í.

"Àṣà wa ni. Iná ti kàn án."

"Baba ti sọ fún mi. Ẹ jẹ́ kí n wá bi yín. Kí n tó fi iná tèmi yọ ọ̀pá yìí lónìí, epo ti wà níbi tí ẹ fi í sí yẹn gan-an. Ọwọ́ ta ló fi í síbẹ̀?"

Kọ́lápọ̀ kò gbé ọ̀pá náà kalẹ̀. "Ọdẹ èyíkéyìí lè fi í síbẹ̀. Bóyá Ògúnṣínà gan-an ni."

"Òótọ́ ni, ọdẹ èyíkéyìí. Ṣùgbọ́n ìbọn kan ṣoṣo ló kù ní Likosi tí ọ̀pá rẹ̀ lè wọ inú èyí." Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, Tawfiq sì gbé ìbọn Kọ́lápọ̀ jáde nínú àpò, èyí tó ti wà ní àgọ́ láti ọjọ́ àyẹ̀wò. Wọ́n ti tú igi rẹ̀ kúrò. Irin rẹ̀ ń dán bí ọrùn àdàbà. "N ó yọ tiyín níwájú Baba. Bí n kò bá rí epo nínú rẹ̀, n ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin láti bẹ̀ yín. Bí mo bá rí i, ẹ ó sọ ẹni tó tù ú."

Tawfiq tan iná. Ó ń hó wúyẹ́wúyẹ́ nínú yàrá náà. Modúpẹ́ gbé e sún mọ́ irin, ó ń yí i ká díẹ̀díẹ̀, kò kánjú.

"Kọ́lápọ̀," ni Baba wí.

Òórùn epo gbígbóná bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

"Ẹ pa iná yẹn," ni Kọ́lápọ̀ wí.

Ó jókòó lórí ẹní, aṣọ mímọ́ rẹ̀ lórí gọ́ọ̀mù. "Ìkùukùu bolẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo rí ohun tó tẹ̀ ba lábẹ́ igi obì. Ẹtu ni mo pè é. Alhaji ló ń ṣa obì nílẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò wí?"

"Oyè mi ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Aṣípa tó fi ènìyàn pe ẹtu, ta ló máa tẹ̀lé e wọgbó? Mo ní bí ọdún bá kọjá n ó wí. Ẹ sì ní kí á kó ìbọn wá."

"Ẹ wá fi ọ̀pá tiyín sínú ìbọn ọ̀rẹ́ yín."

"Òun kò ṣe é. Mo rò pé ẹni tí kò ṣe é máa bọ́ níkẹyìn." Ó wo Baba. Baba ti yí ojú tó ríran kúrò lára rẹ̀.

Títí wọ́n fi dé Ṣàgámù, Modúpẹ́ ń rò ó lójú ọ̀nà. Àṣìṣe ni. Kọ́lápọ̀ ti rẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ, ìyẹn burú, ṣùgbọ́n ìkùukùu wà, ọkùnrin kan sì tẹ̀ ba lábẹ́ igi. Adájọ́ tó láàánú lè wò ó. Òun fúnra rẹ̀ yóò sọ bẹ́ẹ̀ nílé ẹjọ́.

Ó ti pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù pé kí wọ́n tú Ògúnṣínà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọlé, Ògúnṣínà ti dúró níwájú káńtà, bẹ́líìtì rẹ̀ lọ́wọ́, Ìyábọ̀ sì di apá rẹ̀ mú bí ẹni pé wọ́n tún lè gbà á. Ìyábọ̀ rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ Kọ́lápọ̀.

"Òun ló ń fi ọ̀kadà gbé mi wá síbí," ó ní. Kò dojú kọ ẹnikẹ́ni. "Lójoojúmọ́. Ó máa ń ní kí n má ronú."

Ògúnṣínà kò bú u. Ó wò ó bí ọdẹ ṣe ń wo ipa ẹsẹ̀ lórí ẹrẹ̀.

"Lẹ́yìn tí o yìn ín, o rìn débẹ̀ láti gbé ẹran rẹ."

"Mo rìn débẹ̀."

"O wá rí i pé Alhaji ni."

"Mo rí i."

"Ṣé ó ti kú?"

Tawfiq wo Modúpẹ́. Kọ́lápọ̀ wo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ rẹ̀.

"Rárá," ó ní. "Ó pe orúkọ mi. Ó ní kí n lọ pe ènìyàn wá."

"O sì jókòó tì í?"

"Mo lọ sílé."

Ìyábọ̀ gbé ọwọ́ bo ẹnu. Ògúnṣínà wé bẹ́líìtì rẹ̀ mọ́ ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, ó mú ìyàwó rẹ̀ lápá, wọ́n jáde sínú oòrùn ìrọ̀lẹ́, wọn kò sì wẹ̀yìn.

Gbogbo ohun tí Modúpẹ́ ti rò lójú ọ̀nà láti sọ fún adájọ́ kò sí lórí rẹ̀ mọ́.

"Tawfiq," ó ní, "ṣí àtìmọ́lé."